Ẹ Bi Wá: Brexit Ti Parí, Kí Ló Tún Ń Lé Báńkì Kúrò ní London?

ÌBÉÈRÈ: Okun o, ẹ̀yin ará ibí. Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ owó kan ní London, wọ́n wá ní apá tó ń bá kọ́sítọ́mà Jámánì àti Faransé ṣe ń kó lọ sí Dublin, ó ní Brexit ló fà á. Ṣebí Brexit ti parí tipẹ́? Àbí ìjọba ibẹ̀ ò lè ṣòfin tiwọn ni? – Bàbá kan, Kábbà

ÌDÁHÙN: Okun o, Bàbá, ẹ kú àníyàn ọmọ. Òótọ́ lọmọ yín sọ. Brexit ni bí Ìlú Ọba ṣe jáde kúrò nínú EU, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó jọ ń lo òfin òwò kan náà. Wọ́n dìbò sí i ní June 2016, wọ́n jáde ní 31 January 2020, àmọ́ òfin EU ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ títí December 2020 fi parí, ìgbà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wá kan báńkì.

Tẹ́lẹ̀, báńkì tó bá ti gba láìsẹ́nsì ní London lè bá ará Paris, ará Milan, ará Frankfurt dòwò láìtún tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ẹ wo dírẹ́bà tó gba láìsẹ́nsì ní Lọ́kọ́ja tó ń gbé èrò láti Ẹ̀gbẹ̀ lọ sí Òmù-Àrán, ta ló máa ní kó lọ gba ti Kwara? Nàìjíríà kan náà ni. Ká wá ní Kogi kúrò ní Nàìjíríà ńkọ́? Ohun tójú àwọn báńkì London rí nìyẹn, ni wọ́n bá ń ṣí ọ́fíìsì sí Dublin ní Ireland, Frankfurt, Paris, Luxembourg, tí gbogbo wọn ṣì wà nínú EU. Kódà European Banking Authority tó ń mójú tó òfin báńkì Yúróòpù, London ló wà tẹ́lẹ̀, ó ti kó lọ sí Paris láti 2019, nígbà tó sì fi máa di January 2021 ṣíà tí wọ́n ń rà tí wọ́n ń tà lójúmọ́ ní Amsterdam ti ju ti London lọ.

Wọ́n lè ṣòfin tiwọn o, wọ́n sì ń ṣe é. EU ní bọ́nọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ báńkì ò gbọ́dọ̀ ju owó oṣù rẹ̀ ọdún kan lọ, àfi táwọn tó ni ṣíà bá gbà kó di ìlọ́po méjì, Ìlú Ọba ti fagi lé e láti October 2023. Ṣùgbọ́n òfin London ò dé Frankfurt. Ohun tó kù fún wọn ni equivalence: Brussels, ibi tí olú-iléeṣẹ́ EU wà, á wo òfin yín, tó bá jọ tiwọn wọn á fún yín láyè nídìí òwò kan, wọ́n sì lè gbà á padà nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ wo àwọn clearing house London tó ń dúró láàárín olùrà àti olùtà nínú òwò owó yúrò, June 2025 ni EU dá tẹ́lẹ̀ pé àyè tí wọ́n fún wọn máa parí, wọ́n tún wá sún un di June 2028. Ó dùn mí fún wọn, torí nígbà tí wọ́n wà nínú EU, wọ́n wà níbi tí wọ́n ti ń kọ òfin yẹn.

Èyí tó kan ọmọ yín jù rèé: tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì Ìlú Ọba ló ní, kò nílò físà láti gbé kó sì ṣiṣẹ́ ní Dublin. Àmọ́ tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà pẹ̀lú físà iṣẹ́ Ìlú Ọba ló fi wà níbẹ̀, físà yẹn ò ṣiṣẹ́ ní Ireland rárá, kó jẹ́ kílé-iṣẹ́ bá a parí ìwé àṣẹ iṣẹ́ ti Ireland kó tó fi ilé tó ń gbé sílẹ̀.