Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin Muṣin: báwo la ṣe máa béèrè rẹ̀ tí wọn ò fi ní wó ilé wa?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ CDA àdúgbò wa ní Muṣin. Láti ìgbà tí ọkọ̀ ojú irin ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná ọ̀nà yìí, òpópónà wa ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà lọ sí ibùdó rẹ̀ láàárọ̀, àwọn ọmọ ilé ìwé náà sì ń gbà á. Àwọn tó wá kó ẹrẹ̀ gọ́tà kò dá ọmọrí rẹ̀ padà, ọkọ̀ àti ọjà ti gba etí títì, àárín títì làwọn ọmọ wá ń rìn. Kẹ̀kẹ́ Márúwá ti gbá ọmọ kan. Ọlọ́run yọ ọ́, ẹsẹ̀ nìkan ló fi ṣèṣe. A kọ lẹ́tà sí káńsù, a ò rí èsì. Àwọn kan nínú wa ní ká lọ béèrè fún afárá ẹlẹ́sẹ̀. Àwọn onílé kan ní ká má pe ìjọba rárá, pé tí wọ́n bá dé, ọ̀dà pupa ni wọ́n máa kọ́kọ́ fi sàmì sára ògiri. Wọ́n tún ní ayálégbé ni mí, pé kí n má dá sí i. Kí ni ká ṣe?

ÌDÁHÙN

Akọ̀wé wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ jẹ́ kí n ti orí ọ̀rọ̀ àwọn onílé bẹ̀rẹ̀, torí bí ẹ̀rù yẹn bá ṣì wà lọ́kàn wọn, wọn ò ní fọwọ́ sí lẹ́tà kankan, lẹ́tà tí onílé ò fọwọ́ sí kì í sì í rìn jìnnà ní káńsù.

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ojo. Ọdún 1928 ni ìjọba òyìnbó dá ìgbìmọ̀ tí wọ́n ń pè ní Lagos Executive Development Board sílẹ̀, lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn tó ń ti ara eku wá ti jà ní Èkó, pé kó máa tún ìlú ṣe. Láti ọdún 1955, ìgbìmọ̀ yìí ń wó ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn ìdílé ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Ilé tí wọ́n kó wọn sí dára ju èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, tí àwọn oníbàárà ń fẹsẹ̀ rìn wá bá, di ẹni tó ń wọ ọkọ̀ lójoojúmọ́ kó tó lè dé ibi tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n. Owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, àwọn ẹbí tó ti ń gbé lágbolé kan náà fọ́n káàkiri. Ní oṣù Keje ọdún 1990, wọ́n wó àdúgbò Màrókò ní Èkó, àìmọye ìdílé ló sùn síta. Àwọn àgbà yín mọ gbogbo èyí. Nítorí náà ni mo ṣe máa ń sọ fún àwọn ẹgbẹ́ àdúgbò pé kí wọ́n má ya ọ̀rọ̀ ọ̀nà sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ilé. Ẹni tó bá rí ọ̀nà tó dáa tí kò rí ilé gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mọ́ kò jèrè kankan.

Ohun tó wà lọ́wọ́ yín ni ohun tí ẹ máa béèrè. Bí lẹ́tà yín bá sọ pé “ẹ wá bá wa ṣe títì,” ọkọ̀ ni ẹnjiníà tó bá kà á máa rò, àtilè fẹ ọ̀nà ló sì máa wá sí i lọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ gbangba pé ohun tí ẹ ń fẹ́ kò kọjá àárín gọ́tà ọ̀tún àti gọ́tà òsì: ọmọrí gọ́tà, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó tẹ́jú, ibi tí wọ́n ti lè sọdá, àti iná. Kò sí ìkankan nínú ìwọ̀nyí tó nílò ilẹ̀ onílẹ̀. Ẹ tún jẹ́ kí àwọn onílé mọ̀ pé Apá 44 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gbà kí ìjọba fi tipátipá gba dúkìá ẹnikẹ́ni láìsan owó gbà-má-bínú láìfi falẹ̀, àti pé òfin ètò ìlú tí ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2010 béèrè pé kí wọ́n fún onílé ní ìwé kí wọ́n tó wó nǹkan. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ọ̀dà kun ògiri, ẹ béèrè orúkọ ọ́fíìsì tó rán an àti ìwé tó gbé wá, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àmọ́ mi ò ní tan yín o. Onílé tó bá ti mọ àtẹ̀gùn tàbí bàràńdà sórí gọ́tà kò ní ààbò lórí ibi tó yọ síta yẹn. Ẹ lọ bá a nílé rẹ̀, ẹ bá a sọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́ kí lẹ́tà tó jáde. Kó má jẹ́ pé ọjọ́ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé ló máa gbọ́ ọ.

Ó kan wíwọn títì. Ẹ yá tépù gígùn lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́lé, kí ẹ jáde ní àárọ̀ Sunday kí ọkọ̀ tó pọ̀. Láti ara gọ́tà kan dé ara èkejì, ẹ wọn ọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ títì, ní àárín, ní iwájú ilé ìwé àti níbi tó bá ti fún jù. Àwa tó ń ṣe iṣẹ́ ètò ọ̀nà àti ìlú máa ń fẹ́ kí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó mítà 2, kí ẹni tó gbé igbá àti ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè kọjá lára wọn. Mítà 3 tó fún ọkọ̀ kan láti kọjá. Bí títì yín bá jẹ́ mítà 10, mítà 6 máa wà fún ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, mítà 2 á ṣẹ́ kù ní apá ọ̀tún àti òsì. Bí ó bá jẹ́ mítà 8 péré, mítà 4 ló máa kù fún ọkọ̀, ẹ ní láti jíròrò bóyá kí ọkọ̀ máa lọ sí apá kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yìí máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ ní ìpàdé, ẹ fún un láyè. Ẹ kọ ibi tí òpó iná dúró sí, ẹ sì ka iye ọmọrí gọ́tà tí kò sí, lójúlé dé ojúlé.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ka èèyàn. Èyí ni ọ̀pọ̀ àdúgbò kì í ṣe, òun gan-an ló sì ń ran lẹ́tà lọ́wọ́ jù. Ọkọ̀ ni ìjọba sábà máa ń kà lórí títì, wọn kì í ka ẹsẹ̀, ohun tí wọn ò bá sì kà ni wọn kì í náwó lé lórí. Kí ọ̀dọ́ méjì jókòó láti aago mẹ́fà ààbọ̀ dé mẹ́jọ ààbọ̀ òwúrọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, pẹ̀lú ìwé àti bírò: àgbàlagbà tó ń fẹsẹ̀ rìn, ọmọdé, ẹni tó rù ẹrù, ẹni tó ń fi ọ̀pá tilẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ ológeere, Márúwá, dáńfó, mọ́tò aládàáni. Kí wọ́n tún ṣe é ní ọjọ́ kejì àti ní àkókò tí ilé ìwé ń pa. Mo gbà gbọ́ pé iye ẹlẹ́sẹ̀ máa ya gbogbo yín lẹ́nu.

Ẹ fi ìbéèrè kan kún un fún àwọn tó ń lọ sí ibùdó: ṣé ẹ̀ ń wọ Márúwá débẹ̀ bí ibẹ̀ ò tilẹ̀ jìnnà, kí ló sì fà á? Bí ọ̀pọ̀ bá dáhùn pé ẹ̀rù ọkọ̀ tàbí gọ́tà ló ń bà wọ́n, a jẹ́ pé owó ń jáde lápò àdúgbò lójoojúmọ́ lórí ìrìn tó yẹ kó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2024 ni ọkọ̀ ojú irin yìí, Red Line, bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò láti Agbádó dé Òyìngbò, kìlómítà 27, ibùdó mẹ́jọ, Muṣin sì jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. LAMATA, àjọ ètò ìrìnnà ìpínlẹ̀ Èkó, ló ń bójú tó o. Iṣẹ́ ńlá ni, mo sì yọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò èrò kì í bẹ̀rẹ̀ ní ibùdó, ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀ ní ètò ìlànà lórí ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́, èyí tí wọ́n gbé jáde ní 2018. Ẹ dárúkọ rẹ̀ nínú lẹ́tà yín. Ìlérí tí wọ́n kọ sílẹ̀ fúnra wọn ni ẹ ń rán wọn létí.

Nípa afárá ẹlẹ́sẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má béèrè rẹ̀. Lórí Ìkòròdú Road tàbí Àpápá–Òṣòdì, níbi tí ọkọ̀ ti ń sáré burúkú, ó ní ìwúlò. Ní òpópónà àdúgbò, ó gbọ́dọ̀ ga ju mítà 5 lọ kí tírélà lè gba abẹ́ rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì máa gba àyè tí ẹ̀ ń wá fún ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Ìyá arúgbó tí orúnkún ń dùn kò ní gùn ún, aboyún kò ní gùn ún, àwọn ọmọ á sì máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ohun tó yẹ yín ni kí wọ́n gbé títì fúnra rẹ̀ sókè níwájú ilé ìwé, kó bá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ dọ́gba, kí wọ́n kun ìlà funfun sórí rẹ̀. Ọkọ̀ ló máa gun òkè díẹ̀, tí á sì rọra. Àjọ Ìlera Àgbáyé ń gba ìlú níyànjú pé kí eré ọkọ̀ má kọjá kìlómítà 30 ní wákàtí níbi tí èèyàn àti ọkọ̀ bá ti pàdé. Ìdí rẹ̀ ni pé bí eré bá di ìlọ́po méjì, ibi tí bíréèkì máa gbà kó tó mú ọkọ̀ dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Ọmọ tó bá já sójú títì lójijì kò ní àyè yẹn. Bí eré bá ti wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ náà lè bá ọkọ̀ rìn láìsí ojú ọ̀nà ọ̀tọ̀. Ẹ kàn bá LAMATA sọ̀rọ̀ nípa ibi tí wọ́n lè ti kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀ ní ibùdó.

Ẹ má ṣe dá mọ bọ́ǹpù sójú títì fúnra yín o. Mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Àmọ́ bọ́ǹpù tí wọn ò kùn, tó ga ṣóńṣó, ń gbé ọlọ́kadà ṣubú lóru, ó sì ń dá omi òjò padà sínú ilé. Ọmọrí gọ́tà ni àdúgbò lè dáwó ṣe, bí ẹnjiníà káńsù bá fọwọ́ sí ìwọ̀n rẹ̀. Kí ó jẹ́ kékeré tí èèyàn méjì lè gbé, kí irin ìdìmú wà lára rẹ̀. Bí ó bá wúwo jù, ẹni tó bá kó ẹrẹ̀ lọ́jọ́ iwájú á tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni.

Àwọn tó ń tajà létí títì ńkọ́? Mi ò fara mọ́ pípe KAI, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lé ọlọ́jà etí títì, sí wọn. Àwọn ló ń ṣọ́ títì yẹn láti àárọ̀ dé alẹ́, oúnjẹ ọmọ wọn sì wà níbẹ̀. Ẹ pe ìyálọ́jà sí ìpàdé, kí ẹ jọ fa ìlà: ọjà lẹ́yìn ìlà, ẹsẹ̀ níwájú rẹ̀. Níbi tí mo ti rí i tó yọrí sí rere, àwọn ọlọ́jà ló ń bá ara wọn wí bí ẹnì kan bá kọjá ìlà. Mọ́tò tí wọ́n gbé sílẹ̀ láti oṣù mélòó kan ló ṣòro jù, ó sì sábà máa ń jẹ́ ti onílé.

Níbo lẹ máa gbé ìwé lọ? Ìwé òfin 1999 fi ṣíṣe àti títọ́jú títì àdúgbò, iná títì àti gọ́tà sára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú bóyá abẹ́ Muṣin ni ẹ wà tàbí abẹ́ Odi-Olowo/Ojuwoye, nítorí lẹ́tà tó bá dé tábìlì tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í ní èsì. Ẹ kọ ọ́ sí alága, kí ẹ fi kọ́pì ránṣẹ́ sí káńsẹ́lọ̀ yín, sí LAMATA, àti sí aṣojú yín ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ní Aláùsá. Méjì ni Muṣin ní níbẹ̀. Kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí kọ́pì tiyín pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n gbà á. Ó dáa kó dé kí oṣù Keje tó parí, torí apá ìparí ọdún ni ìṣúná ọdún tó ń bọ̀ máa ń dé iwájú àwọn aṣòfin.

Bí wọn ò bá tún dáhùn, ẹ lo òfin òmìnira ìròyìn ti 2011. Ẹ béèrè iye tí káńsù yà sọ́tọ̀ fún títì àti gọ́tà lọ́dún yìí, àti títì tí wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni òfin fún wọn láti fèsì, ẹ ò sì ní láti sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ inú ìwé yẹn tutù, ìbéèrè ni, kì í ṣe ìjà.

Nípa pé ayálégbé ni yín: ẹsẹ̀ ayálégbé ló pọ̀ jù lórí títì yẹn, ẹ jókòó sáyè yín. Ohun tó tún kàn yín gan-an ni pé bí òpópónà bá dára, owó ilé lè gbéra. Òfin ilé gbígbé ti Èkó, ti ọdún 2011, kò gbà kí onílé béèrè ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, ó sì gbà kí ayálégbé gbé àfikún tó pọ̀ jù lọ síwájú ilé ẹjọ́. Ẹ mú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé kan náà tí ẹ ti máa fọwọ́ sí lẹ́tà, kí àwọn onílé sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe lójú gbogbo ayé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé. Bí ìwọ̀n títì àti iye ẹlẹ́sẹ̀ bá ti wà lọ́wọ́ yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín ya àwòrán tí ẹ máa fi mọ́ lẹ́tà náà.