Òkun ya wọ oko ọkọ mi: ṣé páìpù abẹ́ ilẹ̀ lè fa iyọ̀ rẹ̀ jáde?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. Òṣogbo la ń gbé, ṣùgbọ́n ọmọ Ìlàjẹ ni ọkọ mi. Ilẹ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò jìnnà sí òkun. Láti ọdún méjì sẹ́yìn tí òkun ti ya wọ ibẹ̀, ẹ̀gẹ́ kò ta mọ́. Ewé rẹ̀ á jó létí, á sì kú. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, orí ilẹ̀ á funfun bí ẹfun. Ẹnì kan wá sọ fún un pé tó bá ri páìpù mọ́lẹ̀, páìpù á fa iyọ̀ náà jáde. Ó fẹ́ kí n yọ owó àjọ mi kí a fi rà á. Ṣé òótọ́ ni? (Aya Ìlàjẹ, Òkè-Fìà, Òṣogbo)

ÌDÁHÙN: Aya Ìlàjẹ, ẹ kú ìdúró ti ọkọ. Iṣẹ́ tí wọ́n fi páìpù ṣe yẹn wà lóòótọ́, ó sì ti gba ilẹ̀ púpọ̀ là, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì yọ owó yín. Ẹni tó sọ fún ọkọ yín pé páìpù ń fa iyọ̀ kò là á yé e dáadáa. Omi ló ń fọ iyọ̀ kúrò nínú ilẹ̀. Ibi tí omi náà máa gbà jáde ni wọ́n ń ri páìpù sí.

Ọmọ aláró ni mí. Ní àgbàlá ìyá tó bí ìyá mi níbí ní Òṣogbo, ìkòkò méjì máa ń gun ara wọn. Ti òkè lu nídìí, eérú ló kún inú rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ló ń gba omi. A ó da omi sórí eérú láàárọ̀. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, omi tó ń kán sísàlẹ̀ á ti pọ́n bíi tíì, á máa yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ, á sì máa ta ahọ́n, torí gbogbo agbára eérú ló ti bá a sọ̀kalẹ̀. Lọ́jọ́ kan, eérú dí ihò ìdí ìkòkò. Mò ń da omi, omi ń kún, kò sí ẹ̀kán kan. Màmá àgbà mú igi tín-ín-rín, ó tọ ihò náà láti ìsàlẹ̀, omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìkòkò tí ìdí rẹ̀ dí ni ilẹ̀ ọkọ yín.

Nínú lítà omi òkun kan, iyọ̀ tó bí gíráàmù 35 ló wà. Òkun fà padà, iyọ̀ kò bá a lọ. Òjò Ìlàjẹ pọ̀ ju tiwa lọ, ì bá ti fọ ilẹ̀ náà, àmọ́ omi abẹ́ ilẹ̀ sún mọ́ òkè níbẹ̀, òjò kò rí ibi sọ̀kalẹ̀ sí. Tí oòrùn bá wá mú, ilẹ̀ á máa fa omi iyọ̀ náà gòkè, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù sílẹ̀. Ẹfun tí ẹ rí nìyẹn.

Páìpù rọ́bà onihò wínníwínní ni wọ́n ń lò. Wọ́n á rì í tó mítà kan sí méjì, á dà gẹ̀rẹ́ díẹ̀ lọ sí gọ́tà ńlá. Nínú amọ̀, ìlà kan kò gbọdọ̀ jìnnà sí ìkejì. Nínú yanrìn, ó lè jìnnà. Wọ́n á fi nǹkan wé e kí ẹrẹ̀ má baà dí ihò rẹ̀. Àwọn ará Netherlands ti lo irun èèpo àgbọn fún un, èyí tí Ìlàjẹ kò sì ní wá lọ síbi kankan. Lẹ́yìn náà, ẹ ó mọ ebè yí oko ká kí òjò má ṣàn lọ lórí. Tí omi tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 30 bá gba inú ilẹ̀ tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 kọjá, á kó bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún iyọ̀ rẹ̀ lọ.

Níbi tí òkun bá ti ga ju ẹnu páìpù lọ, pọ́ǹpù ló máa gbé omi náà sókè dà nù. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ẹnu odò Náílì ní Íjíbítì nìyẹn, níbi tí ìjọba ti ri páìpù sábẹ́ ilẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan hẹ́kítà lọ. Owó ńlá ni. Ẹ rántí pé oko kan ṣoṣo kò lè dá a ṣe, torí omi oko aládùúgbò á máa jò wọlé. Tí òkun bá sì ṣì ń wọlé, bí ti Ayétòrò ní Ìlàjẹ, ògiri ló kàn, kì í ṣe páìpù.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù nìyí. Ní ibi tí igi etí òkun ti ta gbòǹgbò sínú ẹrẹ̀ rí, ẹrẹ̀ dúdú kan máa ń wà nísàlẹ̀ tó ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́. Tí ó bá wà lábẹ́ omi, kò ní ìyọnu. Ẹ fa omi kúrò lórí rẹ̀ kí atẹ́gùn tó kàn án, á di irú omi tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ọkọ̀. Irúgbìn á kú, ẹja inú gọ́tà á kú. Iyọ̀ ṣeé fọ̀, ṣùgbọ́n èyí á pẹ́ lọ́wọ́ yín.

Nítorí náà, kí ọkọ yín gbẹ́ ihò tó mù ún dé ìbàdí ní ojú mẹ́ta nínú oko náà. Kó gbọ́ òórùn ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀, kó bù ú sínú ọ̀rá, kó tú ẹnu ọ̀rá sílẹ̀, kó máa wọ́n omi sí i kó má gbẹ, fún oṣù méjì. Tí ìlà aláwọ̀ ìyeyè bá yọ lára rẹ̀, tó sì ti di kíkan, ẹ má ri páìpù kankan. Kí ó gbin àgbọn, tó máa ń fara da iyọ̀, kí ilẹ̀ ìsàlẹ̀ yẹn sì wà lábẹ́ omi rẹ̀. Tí kò bá sí, kí ó gbé ilẹ̀ náà lọ sí ilé àyẹ̀wò, kí wọ́n wo iyọ̀ àti sódíọ̀mù (èròjà kan tó wà nínú iyọ̀ òkun) inú rẹ̀, torí sódíọ̀mù máa ń jẹ́ kí amọ̀ dì pinpin tí omi kò fi ní kọjá. Ní Netherlands, lẹ́yìn tí òkun ya wọ Zeeland ní ọjọ́ 1 oṣù Kejì ọdún 1953, jípúsọ̀mù, ìyẹ̀fun òkúta tó máa ń lé sódíọ̀mù kúrò lára amọ̀, ni wọ́n fọ́n sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Tí ọ̀rá yẹn bá pé oṣù méjì, ẹ kọ̀wé sí mi, ẹ sọ àwọ̀ tí ẹ rí fún mi.