Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé kí n wọ ìgboro àtijọ́ ní Káírò?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo fẹ́ lọ sí Íjíbítì láti lọ kí ọmọ mi tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Al-Azhar. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ń sọ pé èrò àti ariwo Káírò kò ṣe é fẹnu sọ, pé kí n wo pírámíìdì ní Gíza, kí n sì jókòó sí yàrá mi. Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ibẹ̀, kí ni ẹ rí? Ṣé ó yẹ kí àgbàlagbà bíi tèmi wọ inú ìgboro àtijọ́ náà?
Ìyá kan ní Ìbàdàn

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, Mà. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa èrò, ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ ìmọ̀ràn tí wọ́n fún yín. Gíza tó wò lóòótọ́, àmọ́ ibojì àwọn ọba tó ti kú tipẹ́ ni. Ní ti Káírò àtijọ́, tí àwọn Fátímídì, ìdílé ọba Mùsùlùmí kan, tẹ̀ dó ní ọdún 969, títí di òní ni àwọn ènìyàn ń kírun, tí wọ́n ń tajà, tí wọ́n sì ń tọ́mọ nínú rẹ̀. Èrò tí wọ́n ní kí ẹ sá fún yẹn gan-an ni kò jẹ́ kí ìlú náà di ahoro.

Ẹnubodè Bab al-Futuh, tí wọ́n kọ́ ní 1087, ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa bá òpópónà al-Muizz lọ síhà gúúsù títí ẹ ó fi dé ẹnubodè kejì, Bab Zuweila. Ìrìn náà kò tó máìlì méjì, wọ́n sì ti ya apá kan rẹ̀ sọ́tọ̀ fún ẹlẹ́sẹ̀. Ní ojú ọ̀nà, ẹ ó rí ilé ńlá tí Sùlútáànù Qalawun parí ní 1285, níbi tí ilé ẹ̀kọ́, ibojì rẹ̀ àti ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń tọ́jú aláìsàn lọ́fẹ̀ẹ́ láyé ìgbà náà ti wà pọ̀ nínú ọgbà kan ṣoṣo.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù kéré sí ìyẹn púpọ̀. Níbi tí òpópónà náà ti pín sí méjì, ilé kan wà tí ìjòyè kan, Abd al-Rahman Katkhuda, kọ́ ní 1744: láyé ìgbà náà, ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lómi, òkè sì ni àwọn ọmọdé ti ń ké kéwú. Nígbà náà, ohùn àwọn ọmọ ń dún lókè bí èrò ọjà ṣe ń mu omi sàárà nísàlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀ mọ ohun tí ìlú ń fẹ́.

Kò sí bí ẹ ó ṣe rìn níbẹ̀ tí wọn kò ní máa gbún yín. Mo rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ ológeere, ó ru pátákó fífẹ̀ tí búrẹ́dì roboto kún orí rẹ̀ bámúbámú. Ọwọ́ kan ló fi di pátákó náà mú, ó sì fi èkejì tu kẹ̀kẹ́ gba àárín ọkọ̀ àti kẹ̀kẹ́ ẹrù tí kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń fà, búrẹ́dì kan kò sì já bọ́. Èmi nìkan ni mo dúró wò ó, nítorí ojoojúmọ́ ni àwọn tó kù ń rí i.

Al-Azhar tí ọmọ yín wà kò jìnnà síbẹ̀. Láti 970 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ mọ́ṣáláṣí rẹ̀, ọ̀nà àwọn ènìyàn Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà wa níhìn-ín sí ìlú náà sì ti pẹ́: nígbà tí Mansa Musa, ọba Mali, gba Káírò kọjá lọ sí Mẹ́kà ní 1324, ó ná wúrà débi pé owó wúrà wálẹ̀ ní ọjà. Tí ẹ bá fẹ́ ti Al-Azhar bọ́ sí ọjà Khan el-Khalili, ẹ má ṣe bá ọkọ̀ jà lójú títì; ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà lábẹ́ ilẹ̀.

Ní ti ọjọ́ orí yín, àárọ̀ ni kí ẹ lọ, nítorí alẹ́ ni èrò máa ń pọ̀ jù. Ẹ lè wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ dé Bab al-Shaariya, kí ẹ sì rìn díẹ̀ dé Bab al-Futuh. Wọ́n ya ibi kan sọ́tọ̀ fún obìnrin nìkan nínú ọkọ̀ náà. Tí ẹsẹ̀ yín bá ṣì gbé e, ẹ kọjá Bab Zuweila dé ọjà àwọn aránṣọ àgọ́, níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń fi ọwọ́ rán àwòrán aṣọ mọ́ aṣọ. Lọ́wọ́ ẹni tí ẹ bá bá abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí ẹ ti rà, kí ẹ sì ná an dáadáa.