Ẹ má fi apá tí kò lágbára fa Màmá dìde

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu màmá mi, ẹni ọdún 64. Wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì ní ọsibítù kí wọ́n tó ní ká máa gbé wọn lọ sílé. Apá àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn kò lágbára. Wọ́n ń gbọ́ ohun tí a ń sọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu wọn. Omi máa ń pá wọn lórí. Èmi nìkan ni mo wà pẹ̀lú wọn n'Íbàdàn, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń fowó ránṣẹ́. Ẹ̀yìn ti ń dùn mí nítorí gbígbé tí mò ń gbé wọn. Àǹtí wa kan ní kí n máa fi omi gbígbóná àti òrí jó apá náà. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú àìsùn, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Ọ̀rọ̀ omi ni n óò kọ́kọ́ mú, torí òun ni kò ṣe é fi falẹ̀. Rọpárọsẹ̀ lè mú iṣan ọ̀fun bó ṣe ń mú ti apá àti ẹsẹ̀. Omi kì í dúró de ọ̀fun tó ti lọ́ra; á kàn ṣàn gba ọ̀nà èémí wọ inú ẹ̀dọ̀fóró, òtútù àyà sì lè tibẹ̀ wá. Ẹ padà sí ọsibítù láìjẹ́ kó pẹ́, ẹ sọ èyí fún wọn, kí wọ́n yẹ bí Màmá ṣe ń gbé nǹkan mì wò. Bí ibà bá mú wọn tàbí mímí wọn bá le, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé wọn lọ.

Kó tó dìgbà náà, ẹ má fún wọn ní ohunkóhun lórí ìdùbúlẹ̀. Kí wọ́n jókòó ṣánṣán, ṣíbí kékeré ni kí ẹ lò, kí ti ẹnu sì lọlẹ̀ tán kí òmíràn tó wọlé. Ògì tó ki díẹ̀ sábà máa ń rọrùn ju omi lásán lọ. Ẹ gbé ẹ̀pà, gàrí gbígbẹ àti bísíkíìtì tì ná. Bí wọ́n bá jẹun tán, kí wọ́n ṣì wà ní ìjókòó fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú. Ẹ má lọ oògùn wọn láìbéèrè, torí àwọn oògùn kan wà tí kò yẹ ká fọ́.

Ẹ̀yìn yín tó ń dùn àti apá Màmá, ọ̀ràn kan náà ni. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè sọ bí ẹ ṣe ń gbé wọn: ẹ ki ọwọ́ bọ abíyá, ẹ di apá ọ̀tún yẹn mú, ẹ sì fà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró lónìí. Iṣan ló ń di egungun apá mú sínú ihò èjìká. Nígbà tí iṣan ti rọ, bí a ṣe ń fà á ni egungun ń yẹ̀ kúrò láyè rẹ̀. Mo ti tọ́jú aláìsàn tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ṣe tán láti rìn, àmọ́ tí ìrora èjìká kò jẹ́ kó gbà ká fọwọ́ kàn án.

Bó bá jẹ́ orí fóòmù ilẹ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹ wá bẹ́ẹ̀dì tí gíga rẹ̀ bá orúnkún wọn dọ́gba, kí ẹ ti ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ mọ́ ògiri. Mo mọ̀ pé ẹ̀rù kí wọ́n má já bọ́ ló ń mú ká tẹ́ fóòmù sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè máa gbé àgbàlagbà nílẹ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò ní fọhùn. Bí wọ́n bá fẹ́ dìde, kí wọ́n sún wá sí etí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ síwájú títí imú á fi kọjá orúnkún. Ẹ dúró sí ọ̀tún wọn, ẹ fi orúnkún yín ti tiwọn kó má bàa yẹ̀. Ẹ so ọ̀já ìpọnmọ mọ́ ìbàdí wọn dáadáa, òun ni kí ẹ dì mú. Ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ẹ wá dúró díẹ̀ kí Màmá fúnra wọn kọ́kọ́ gbìyànjú. Ìdúró yẹn ló ṣe pàtàkì jù lọ nínú gbogbo ohun tí mò ń sọ yìí, torí ibẹ̀ ni ọpọlọ Màmá ti ń wá ẹsẹ̀ náà rí. Ṣíṣe nǹkan léraléra ni ọpọlọ fi ń kọ́ iṣẹ́ tó sọnù padà, oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ló sì sábà máa ń yá jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í parí síbẹ̀. Tí ẹ bá ti gbé wọn kí wọ́n tó gbìyànjú, ẹ ti gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ ṣe.

Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ wíwọ̀: apá ọ̀tún ni kó kọ́kọ́ wọ bùbá, òun ni kó gbẹ̀yìn bọ́. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ òsì wọn ṣe ìyókù, bó tilẹ̀ gba ogún ìṣẹ́jú.

Òrí kò burú, bí ẹ bá ń fi ọwọ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fi í pa á lára. Omi gbígbóná ni mo bẹ̀ yín kí ẹ fi sílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sín gbẹ́rẹ́ sí apá náà. Apá bẹ́ẹ̀ lè má mọ ìgbà tí ó ń jó, Màmá kò sì ní lè sọ fún yín. Bí ọsibítù bá fún wọn ní oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ má dá a dúró nítorí pé ara ti yá.

Nípa ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ kìlọ̀ fún àwọn tó ń wá kí wọn pé kí wọ́n má máa sọ̀rọ̀ Màmá lójú wọn bí ẹni pé wọn kò sí níbẹ̀. Wọ́n ń gbọ́. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè tí orí lè dáhùn: “Ṣé ẹ fẹ́ mu ògì?” Ẹ dákẹ́, ẹ dúró. Bí ẹkún bá ń gbọ̀n wọ́n lójoojúmọ́ tàbí tí wọn kò fẹ́ jẹun mọ́, ẹ sọ fún dókítà, torí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn wọ́pọ̀ lẹ́yìn rọpárọsẹ̀, ó sì ní ìtọ́jú.

Ẹ pe àwọn ẹ̀gbọ́n yín lálẹ́ òní. Kí wọ́n yọ nínú owó yẹn san fún ẹni tí yóò máa wá dúró ti Màmá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ lè sùn. Ẹ ní kí ọsibítù kọ̀wé fún yín lọ sọ́dọ̀ àwọn físíò, àwọn tó ń kọ́ aláìsàn bí yóò ṣe tún máa lo apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀. Wọ́n wà ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Íbàdàn. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ mú ọ̀já yẹn dání, kí wọ́n wo bí ẹ ṣe ń gbé Màmá dìde, kí wọ́n sì tún ọwọ́ yín ṣe.