Ta ló gbèjà àwọn ẹ̀yà Tamil tí wọ́n há mọ́ àgọ́ ní Sri Lanka lọ́dún 2009?

Àwọn Tamil tó wà lókè òkun pariwo, pàápàá ní London àti Toronto. Àwọn àjọ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn bíi Amnesty International àti Human Rights Watch náà sì dá sí i. Nígbà tí ogun láàárín ìjọba Sri Lanka àti LTTE, ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ àwọn Tamil, parí ní oṣù Karùn-ún 2009, ó lé ní 250,000 aráàlú tí ìjọba kó sí àgọ́, èyí tó pọ̀ jù ní Menik Farm lẹ́bàá Vavuniya. “Abúlé ìtọ́jú” ni ìjọba ń pè é, ṣùgbọ́n wáyà ẹlẹ́gùn-ún ló yí i ká, àwọn ológun sì ń ṣọ́ ọ. Láti oṣù Kejìlá 2009 ni wọ́n ti ń jẹ́ kí àwọn tó ṣì kù nínú àgọ́ jáde fún ìgbà díẹ̀. Ọdún 2012 ni wọ́n ti Menik Farm pa. Àwọn tí wọ́n fura sí pé ọmọ ogun LTTE ni wọ́n kò sí lára àwọn wọ̀nyí. Ibòmíràn ni wọ́n há wọn mọ́.