Èsì: Ṣé ẹni tí kò ní ẹ̀sìn lè níwà rere?

Ẹ béèrè pé bí kò bá sí ẹ̀sìn, kí ló máa dá èèyàn dúró tí kò fi ní jalè. Ìbéèrè méjì lẹ so pọ̀: kí ló sọ ohun kan di búburú, àti kí ló ń mú èèyàn yẹra fún un.

Ní ti ìbéèrè àkọ́kọ́, nínú ìwé Plato, onímọ̀ ọgbọ́n orí ní ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, Socrates olùkọ́ rẹ̀ bi ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Euthyphro pé: ṣé torí pé àwọn òrìṣà fẹ́ràn ohun mímọ́ ló ṣe jẹ́ mímọ́, àbí torí pé ó jẹ́ mímọ́ ni wọ́n ṣe fẹ́ràn rẹ̀? Bí ẹ bá mú ti àkọ́kọ́, ìkà lè di rere bí àṣẹ àwọn òrìṣà bá ti dé. Bí ẹ bá mú èkejì, rere ti wà kí àṣẹ tó dé. Àwọn kan ń fèsì pé ìwà Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni òṣùwọ̀n. Èsì gidi nìyẹn, àmọ́ ẹ ṣì máa ṣàlàyé ohun tó mú ìwà náà dára. Thomas Aquinas, àlùfáà paraku, gbà pé làákàyè lè mọ ìpìlẹ̀ ìwà rere.

Ní ti ìbéèrè kejì, ìyẹn ohun tó ń mú èèyàn hùwà rere, Darley àti Batson, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìwà ẹ̀dá, dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìsìn 40 wò ní Princeton ní Amẹ́ríkà (1973 ni èsì rẹ̀ jáde). Wọ́n fi ọkùnrin kan tó ń kérora bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá sí ọ̀nà wọn. Nínú àwọn tí kò kánjú, ìdá 63 nínú 100 ràn án lọ́wọ́. Nínú àwọn tó kánjú gan-an, ìdá 10 péré. Ọ̀nà tí kálukú ń gbà ṣe ẹ̀sìn rẹ̀ kò sọ ẹni tó máa dúró ṣèrànwọ́. Ẹlẹ́sìn ni gbogbo wọn o, torí náà ẹ má fi dá aláìgbàgbọ́ láre.