Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Òṣìṣẹ́ Tó Dàgbà Ju Alábòójútó Ilé Lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ilé alájà mẹ́ta kan tó ní fúláàtì 12 sábẹ́ àbójútó mi ní Adébáyọ̀, Adó-Èkìtì. Pọ́ńbà àti ọlọ́dẹ tí mo bá níbẹ̀ tó bàbá mi lọ́jọ́ orí. Bí mo bá rán wọn níṣẹ́, onílé tó ń gbé ní Èkó ni wọ́n máa ń pè. Àwọn ayálégbé náà ti ń kọ́ àṣà yìí. Báwo ni mo ṣe lè darí ilé náà láì rí àgbà fín?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, onílé ni kí o kọ́kọ́ bá jókòó, kì í ṣe pọ́ńbà. Kí ẹ fẹnu kò pé ẹnikẹ́ni tó bá pè é nípa omi, iná tàbí owó ilé, ọ̀dọ̀ rẹ ni yóò dá a padà sí. Kí ẹ sì kọ iye tí o lè ná lórí àtúnṣe láìbéèrè sílẹ̀, nítorí alábòójútó tí kò lè ra táàpù láìpe Èkó, ìránṣẹ́ lásán ni àwọn òṣìṣẹ́ yóò kà á sí, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ní ti ọjọ́ orí, ẹni tó bá kí àgbà dáadáa láàárọ̀ lè bi í léèrè iṣẹ́ lọ́sàn-án. Ní kí pọ́ńbà fi ibi tí páìpù gbà àti ibi tí sọ́kàwéè wà hàn ọ́, nítorí òun ló mọ̀ ọ́n. Ra ìwé ńlá kan, kí o máa kọ ọjọ́ tí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan dé, ẹni tó tún un ṣe àti iye tó gbà sínú rẹ̀; ìwé ni yóò wá máa bi àgbà léèrè dípò ọmọdé. Má sì jẹ́ kí owó iṣẹ́ wọn pẹ́ lọ́wọ́ rẹ; sísan án lásìkò ń múni níyì ju àṣẹ lọ.

Àwọn ayálégbé rọrùn jù wọ́n lọ: fún wọn ní risíìtì, ya owó ìtọ́jú ilé sọ́tọ̀ kúrò lára owó ilé, kí o sì kéde wákàtí tí ẹ ó máa fa omi nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ṣùgbọ́n bí onílé bá pàṣẹ pé kí o lé ẹnì kan jáde láàárín ọ̀sẹ̀ kan, fi ọ̀wọ̀ kọ̀ ọ́. Ayálégbé ọlọ́dún tí ìwé àdéhùn rẹ̀ kò sọ àkókò mìíràn ní ẹ̀tọ́ sí ìwé ìkìlọ̀ oṣù 6, kí ìwé ọjọ́ 7 tó ń sọ pé onílé ń lọ sí kóòtù tó tẹ̀ lé e. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn síta, onílé gan-an lè di olùjẹ́jọ́. Bí ó bá ṣì fi dandan lé e, ní kí ó gbé e fún lọ́yà.